Bí a ṣe ń mọ igi tí tòlótòló igbó ń sùn lé: ìdáhùn fún ọdẹ tuntun kan ní Georgia

Ọmọ Ṣakí kan tó ń gbé lẹ́bàá Atlanta ló kọ̀wé sí mi. Ó ní: “Bàbá ọdẹ, mo kí yín o. Mo ti gba ìwé àṣẹ, mo ti ra ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́, mo sì ti ń lọ sí igbó ìjọba ní Oconee láti ìgbà tí àsìkò tòlótòló ti ṣí. Láràárọ̀ ni mò ń gbọ́ akọ tó ń ké. Kí n tó dé ibẹ̀, kẹ́kẹ́ á ti pa mọ́ ọn lẹ́nu, n kì í rí ju ìyẹ́ lọ. Báwo ni mo ṣe lè mọ igi tí wọ́n ń sùn lé? Kí ló sì dé tí n kò lè fi iná bá wọn lórí igi lóru, bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe fún awó?”

Àrìnpa o, àbúrò mi. Kò sí ohun tó ṣe etí rẹ, ẹsẹ̀ rẹ ló ń tú ọ fó. Akọ tí ò ń gbọ́ láàárọ̀, orí igi ló wà nígbà tó ń ké, ibẹ̀ ló sì ti wà láti ìrọ̀lẹ́ àná. Nígbà tí o bá fi máa dìde lọ bá a, ilẹ̀ ti ń mọ́. Òun wà lókè, ìwọ wà nísàlẹ̀, ewé igi kò sì tíì kún tán ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin. Ó ti ń wò ọ́ bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ojú ẹyẹ yìí kì í ṣe ohun tí ọdẹ ń fi ṣeré: ẹ̀gbẹ́ orí ni ẹyinjú rẹ̀ wà lọ́tùn-ún lósì, ó mọ àwọ̀ yàtọ̀, bó bá sì yí ọrùn díẹ̀, kò sí ibi tí kò rí. Etí rẹ̀ náà mú. Imú nìkan ni kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí ọdẹ tòlótòló fi lè gbàgbé ọ̀rọ̀ atẹ́gùn tó máa ń gbé òórùn ọdẹ àgbọ̀nrín lọ fún ẹran.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni iṣẹ́ wà. Bí o bá ti mọ ibi tí akọ sùn kí ilẹ̀ tó ṣú, o lè lọ jókòó sítòsí rẹ̀ nínú òkùnkùn kí ojú rẹ̀ tó là, kó wá jẹ́ pé òun ni yóò máa bọ̀ wá bá ọ. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, ojoojúmọ́ ni wàá máa sáré tẹ̀lé igbe, igbe náà sì ń tan ènìyàn jẹ. Tí akọ bá kọjú sí ọ lórí ẹ̀ka, á dà bíi pé ó wà ní ìdí igi tó kàn ọ́. Tó bá kẹ̀yìn sí ọ, o lè rò pé ó ti kọjá odò. Tó bá sọ̀kalẹ̀, igbó àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè á bo ohùn rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ tó ń bà ọ́ lọ́kàn jẹ́ yẹn, nígbà mìíràn kì í ṣe pé ó sá. Àwọn abo ti pàdé rẹ̀ nílẹ̀, kò sí ohun tó ń ké pè mọ́.

Jẹ́ kí n sọ bí ọjọ́ ṣe ń parí fún ẹyẹ yìí. Ẹni tó bá dàgbà nílé tí wọ́n ti ń sin adìẹ ti mọ ìdajì rẹ̀. Tó bá ń di ìwọ̀sùn adìẹ, adìẹ kì í ṣàdédé fò lọ sórí igi. Á kọ́kọ́ máa ṣa jẹ sún mọ́ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á dúró, á na ọrùn wo òkè, á tún rìn yí ìdí igi náà ká. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tòlótòló igbó ń ṣe. Ní nǹkan bíi wákàtí kan kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n á ti máa darí sí agbègbè tí wọ́n fẹ́ sùn sí. Bí oòrùn bá ń wọ̀ tàbí kété lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n á fò gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan. Akọ tó ti dàgbà lè wọn pọ́n-ùn 16 sí 24, abo sábà máa ń wọn 8 sí 10. Ẹyẹ tó wúwo báyẹn kò lè fò kí ìyẹ́ rẹ̀ má pariwo. Ní ìrọ̀lẹ́ tí atẹ́gùn kò fẹ́, wàá gbọ́ ọ lókèèrè: gbì-gbì-gbì, ẹ̀ka á mì, ohun gbogbo á pa lọ́lọ́, lẹ́yìn náà á tún fò láti ẹ̀ka kan sí èkejì títí yóò fi rí ibi tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa nínú òkùnkùn, ilẹ̀ sì kún fún coyote (irú ajá igbó kan), kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti ológìnní igbó. Orí igi kò tilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ewu tán, nítorí òwìwí ńlá a máa kọlu tòlótòló níbẹ̀, àmọ́ ó sàn ju ilẹ̀ lọ.

Àwọn kan kì í sùn sórí igi lásìkò yìí. Abo tó bá ti ń sàba, ilẹ̀ ló ń sùn fún nǹkan bí ọjọ́ 28 tí ẹyin fi ń pa. Àwọn ọmọ náà á sì máa sùn lábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó lè fò dé ẹ̀ka. Bí o bá já lu irú abo bẹ́ẹ̀, rọra yà kúrò lọ́nà rẹ̀.

O sọ nínú lẹ́tà rẹ pé orí fídíò àwọn ọdẹ Texas lo ti ń kọ́ iṣẹ́. Wò wọ́n fún ìgbádùn, má fi wọ́n dọdẹ Georgia. Ìran tòlótòló tó wà ní Texas, tí wọ́n ń pè ní Rio Grande, ibi tí igi gíga ti wọ́n ló ń gbé. Igi ńláńlá tó wà létí odò níbẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà ọ̀wọ́ ńlá á máa sùn sórí igi kan náà láti ọdún dé ọdún. Ní Georgia, ìran Eastern la ní, igi sì pọ̀ níbi gbogbo. Akọ kan lè sùn síbí lónìí, kó sùn sí ìdajì máìlì sí ibẹ̀ lọ́la. Igi kan ṣoṣo kọ́ lò ń wá, àbúrò. Agbègbè lò ń wá, àti ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀. Bí o bá ti mọ agbègbè mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n ń yípo láàárín wọn, o ti bọ́ sínú iṣẹ́ náà.

Ní Oconee, ilẹ̀ náà jẹ́ òkè kéékèèké tí ìṣàn omi gé sí wẹ́wẹ́. Kí o tó gbé ẹsẹ̀ kúrò nílé, ṣí àwòrán sátẹ́láìtì lórí fóònù rẹ, kí o sì wá ibi tí igi óákù àti àwọn igi eléwé fífẹ̀ tó wà létí odò ti pàdé igi páìnì orí òkè. Ní ìgbà òtútù, igi páìnì nìkan ló máa ń tutù yọ̀yọ̀ nínú àwòrán, nítorí náà ojú ààlà náà hàn kedere. Wá ìdá kan nínú mẹ́ta tó wà lókè pátápátá lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, níbi tí ẹyẹ ti lè rin ilẹ̀ pẹrẹsẹ dé ìdí igi, kó fò díẹ̀, kó sì ti wà lókè gíga lórí àfonífojì. Wàá ríi pé wọ́n fẹ́ràn ibi tí omi wà nísàlẹ̀. Nígbà tí atẹ́gùn bá le, wọ́n á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òkè tí kò kọjú sí i, tàbí kí wọ́n wọ inú kòtò odò. Igi tí wọ́n ń yàn máa ń tóbi, ẹ̀ka rẹ̀ á nà gbọọrọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, abẹ́ rẹ̀ kò sì ní dí. Wọ́n fẹ́ rí ilẹ̀ kí wọ́n tó bà sí i láàárọ̀, ìdí nìyẹn tí pápá, ọ̀nà tí àwọn agégi là, tàbí abẹ́ wáyà iná fi sábà máa ń wà nítòsí.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ ọdẹ tuntun máa ń fojú fò ni ilẹ̀ tí ìjọba dáná sun. Nínú igbó Oconee, àwọn òṣìṣẹ́ igbó máa ń fi ọgbọ́n dáná sun abẹ́ igi páìnì ní ìgbà òtútù àti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé kí igbó má ba à dí. Ilẹ̀ náà á dúdú, á burú lójú, o lè rò pé kò sí ẹran tó máa yà síbẹ̀. Àmọ́ láìpẹ́ ewéko tútù á hù, kòkòrò á pọ̀, ojú á sì là. Tòlótòló fẹ́ràn eteetí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí o bá rí ilẹ̀ tí wọ́n sun lọ́dún yìí, tó kan etí odò tó ní igi ńlá, bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Àwòrán fóònù kò tó, dandan ni kí o wo ilẹ̀. Ṣe é ní ọ̀sán, nígbà tí wọ́n ti jìnnà sí ibùsùn wọn. Lábẹ́ igi tí wọ́n ń sùn lé, ìmí á pọ̀ lójú kan, ìyẹ́ á sì wà láàárín ewé gbígbẹ. Ìmí akọ gùn, ó sì tẹ̀ ní ìdí bíi lẹ́tà J. Ti abo máa ń ká jọ róbótó. Èyí tó ṣì tutù, tí funfun orí rẹ̀ ń dán, kò pẹ́. Èyí tó ti gbẹ tó ń rún ti di ọ̀rọ̀ àtijọ́, má fi ọjọ́ rẹ ṣòfò lé e lórí. Ìyẹ́ àyà akọ dúdú ní etí, ti abo pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ojú ẹsẹ̀ tí ìka àárín rẹ̀ bá gùn ju íǹṣì 2 àbọ̀ lọ, akọ ló sábà máa ń jẹ́. Lójú ọ̀nà oníyanrìn, o lè rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ẹsẹ̀: ibẹ̀ ni akọ ti ń fẹ̀, tó ń wọ́ ṣóńṣó ìyẹ́ apá nílẹ̀ kí abo lè rí i. Sàmì sí ibẹ̀, nítorí á tún padà wá.

Ibi tí wọ́n ti họ ilẹ̀ wá jẹun, mo ka èyí sí ju ojú ẹsẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn ni ewé máa ń fò sí nígbà tí wọ́n bá ń fi ẹsẹ̀ họlẹ̀, nítorí náà ibi tí ewé kò sí ni ẹyẹ kọjú sí. Bí ilẹ̀ tó ṣí náà bá ṣì tutù, tí ìhọlẹ̀ náà sì ń tẹ̀ lé ara wọn lọ sí òkè kan náà, o ti rí ojú ọ̀nà wọn. Tó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n họ ọ́, ibi tí wọ́n sùn ló ń tọ́ka sí.

Nísinsìnyí, ìrọ̀lẹ́ náà gan-an. Dé igbó nígbà tí oòrùn bá ṣì ku bíi wákàtí kan àbọ̀ kó wọ̀. Má wọ inú agbègbè tí o fura sí. Jókòó sí orí òkè tó kọjú sí i, níbi tí o ti lè gbọ́ àfonífojì méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí o sì dákẹ́. Bí pápá bá wà, fi awò ọdẹ wo apá ibi tí wọ́n gbà kúrò níbẹ̀. Má fi ohùn tòlótòló pe ẹnikẹ́ni nírọ̀lẹ́. Kò sí ohun tí o fẹ́ fi ṣe, ó sì ń kọ́ ẹyẹ náà lọ́gbọ́n. Ohun tí o wá gbọ́ ni ìró ìyẹ́ apá, àti nígbà mìíràn igbe abo tó ń sáré ké bó ṣe ń fò gòkè. Akọ náà lè ké lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lẹ́yìn tó bá ti rí àyè.

Bí ilẹ̀ bá ń ṣú tí o kò gbọ́ nǹkan kan, ìgbà yẹn ni òwìwí wúlò. Irú òwìwí tó wọ́pọ̀ nínú igbó Georgia máa ń ké ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ, mẹ́rin-mẹ́rin, èyí tó kẹ́yìn á sì fà sílẹ̀. O lè fi ẹnu ṣe é, o sì lè ra fèrè rẹ̀. Bí ohùn líle bá ṣàdédé dún, akọ kì í lè pa á mọ́ra: á ké láìrò ó, bó bá sì ti ké, o ti mọ ilé rẹ̀. Ohùn kannakánná máa ń ṣe iṣẹ́ kan náà lójú ọ̀sán. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì tó. Mo ti gbọ́ àwọn ọdẹ tó ń ké bí òwìwí títí àwọn òwìwí gidi fi wá wò wọ́n. Bí òwìwí igbó bá ti ń ké fúnra rẹ̀, gbé tìrẹ sápò kí o máa gbọ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fò gòkè, má dìde. Ọ̀pọ̀ ọdẹ ló ń ba gbogbo ìrọ̀lẹ́ jẹ́ lójú kan yìí. Jókòó títí òkùnkùn á fi kùn dáadáa, kí o sàmì sí ibẹ̀ lórí máàpù fóònù rẹ (dín iná rẹ̀ kù, bò ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú fìlà), kí o sì gba ẹ̀yìn òkè jáde. Nígbà tí ò ń lọ, máa ronú ọ̀nà tí wàá gbà wọlé láàárọ̀: ibo ni ewé gbígbẹ kò pọ̀ sí, ibo ni odò tí o lè rìn létí rẹ̀.

Láàárọ̀, ó kéré tán wákàtí kan kí oòrùn tó yọ, ó yẹ kí o ti jókòó. Akọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ké nígbà tí o kò tíì rí ọwọ́ ara rẹ dáadáa. Má sún mọ́ ju 100 sí 150 yáàdì lọ; bí ewé bá ti kún, o lè fi díẹ̀ sún sí i, bí igi bá ṣì ṣófo, jìnnà sí i. Ìjókòó rẹ kò gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wà ní ojú kan náà pẹ̀lú ìdí igi rẹ̀ tàbí sókè díẹ̀, nítorí ẹyẹ tó sùn sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sábà máa ń bà sí ẹ̀gbẹ́ òkè tó tẹ́jú. Má jẹ́ kí odò, wáyà ọgbà tàbí igbó dídí wà láàárín yín: á dé etí rẹ̀, á dúró, á máa ké, kò ní kọjá. Fi ẹ̀yìn ti igi tó fẹ̀ ju èjìká rẹ lọ, wọ ìbọ̀wọ́, fi aṣọ bo ojú, gbé ìbọn sórí eékún kí ilẹ̀ tó mọ́. Lẹ́yìn náà, má mira.

Ọ̀rọ̀ ìpè: pe e díẹ̀. Nínú ìṣẹ̀dá wọn, akọ ló ń ké, abo ló ń tọ̀ ọ́ lọ. Ìwọ tí ò ń pe akọ pé kó wá, ò ń yí àṣà ilé rẹ̀ po, kò sì yẹ kó yà ọ́ lẹ́nu bó bá dúró sórí igi tó ń retí pé kí abo yìí yọjú. Bí o bá ń pè ní gbogbo ìgbà, ohun tí ò ń sọ fún un ni pé o ti ń bọ̀, kó máa dúró dè ọ́. Nígbà tí ó bá ṣì wà lórí igi, ohùn abo rírọ̀ méjì tàbí mẹ́ta, tó lọ sílẹ̀ bí ẹni tó ń jí lójú oorun, ti tó. Bó bá dá ọ lóhùn, gbé ohun ìpè sílẹ̀. Tó bá ti balẹ̀, tún fi díẹ̀ sí i. Àpótí ìpè onígi rọrùn fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, àmọ́ ọwọ́ méjèèjì ló ń gbà. Kọ́ ti ẹnu nílé, nínú mọ́tò, kí ìyàwó rẹ bínú kó tán. Má lo ohùn tí fóònù tàbí ẹ̀rọ ń gbé jáde, kò bófin mu fún tòlótòló ní Georgia. Dúró kó dé 40 yáàdì tàbí kó sún mọ́ jù bẹ́ẹ̀, orí àti ọrùn sì ni kí o yìn.

Bí òjò tàbí kùrukùru bá bo igbó, wọ́n á pẹ́ lórí igi, wọ́n á sì bọ́ sí pápá nígbà tí wọ́n bá sọ̀kalẹ̀. Bí akọ bá sọ̀kalẹ̀ tó sì bá àwọn abo lọ sí ẹ̀yìn, má sáré tẹ̀lé wọn. Lásìkò yìí, abo kọ̀ọ̀kan á máa yà lọ síbi ìtẹ́ rẹ̀ láti yé ẹyin bí ọ̀sán ṣe ń sún mọ́. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, akọ tó ní abo mẹ́rin láàárọ̀ lè ti ku òun nìkan. Mo fẹ́ràn wákàtí yìí ju òwúrọ̀ kùtùkùtù lọ, nítorí ọ̀pọ̀ ọdẹ ti lọ jẹ búrẹ́dì nígbà náà. Padà sí ibi tí o ti rí ìlà ìyẹ́ apá yẹn, kí o pe e jẹ́jẹ́.

Kò sì yẹ kó o retí pé gbogbo ọjọ́ ni wọ́n á máa ké. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Georgia, pẹ̀lú Michael Chamberlain tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀, ti so ẹ̀rọ GPS mọ́ tòlótòló igbó, wọ́n sì ti gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sínú igbó. Lára ohun tó hàn níbẹ̀ ni pé igbe akọ máa ń dínkù bí àsìkò ọdẹ bá ti ṣí. Ìdí nìyẹn tí oṣù kẹta fi ṣe pàtàkì. Lọ́dún tó ń bọ̀, kí àsìkò tó ṣí, máa dúró lórí òkè kan láàárọ̀ kùtùkùtù, láìpe ẹnikẹ́ni, láìwọ igbó, kí o kàn máa gbọ́ kí o sì máa sàmì.

Nípa fífi iná bá wọn lórí igi lóru, mo mọ ibi tí ìbéèrè náà ti wá, mo sì mọ̀ pé ọdẹ òru pẹ̀lú iná lórí kì í ṣe àbùkù nílé wa. Níbí, má dán an wò. Òfin kò fàyè gba ọdẹ tòlótòló lóru ní Georgia, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló sì kọ ọ́ sílẹ̀ ketekete pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yìnbọn sí tòlótòló tó wà lórí igi ìsùn rẹ̀. Irú ìpakúpa yẹn, pẹ̀lú igbó tí wọ́n gé run, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹyẹ yìí run ní Amẹ́ríkà kí ọdún 1930 tó pé. Wọ́n gbìyànjú láti sin ín nílé kí wọ́n tú u sígbó, àwọn ẹyẹ náà kú nítorí wọn kò mọ bí a ṣe ń sá fún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Nǹkan kò yí padà àfi ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọ̀n tí ẹ̀rọ ń yìn jáde bí ọta mú èyí tó jẹ́ ti igbó gan-an, tí wọ́n wá ń kó wọn lọ sí ibi tí wọ́n ti tán. Inú igbó Francis Marion ní South Carolina ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi irú àwọ̀n yẹn mú tòlótòló ní 1951. Ní 1973, nǹkan bí 17,000 péré ló wà ní gbogbo Georgia. Èyí tí ò ń gbọ́ láàárọ̀ yìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ àwọn tí wọ́n gbé wá. Yàtọ̀ sí òfin, akọ tí o bá yìn lórí igi kò kọ́ ọ ní nǹkan kan, àwọn yòókù á sì fi agbègbè náà sílẹ̀.

Àwọn òfin yòókù, ka ìwé ìlànà ọdún tí o bá wà nínú rẹ̀, nítorí wọ́n máa ń yí i padà. Láti 2022, Sátidé kan ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ni àsìkò ń ṣí lórí ilẹ̀ onílẹ̀, ilẹ̀ ìjọba á tẹ̀lé e ní ọ̀sẹ̀ kan sí i, ó sì ń parí ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún. Akọ méjì péré ni ọdẹ kan lè pa lásìkò kan, ọ̀kan lójúmọ́. Mẹ́ta ni tẹ́lẹ̀. Tí o bá pa á, o gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí láàárín wákàtí 24. Má da àgbàdo sílẹ̀ láti fi tàn wọ́n. Ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1961 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀kọ́ ọdẹ kó tó lè ra ìwé àṣẹ àsìkò. Bí ẹnì kan láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ bá sì fẹ́ tẹ̀lé ọ, béèrè ìwé ìgbélùú rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ìbọn. Ẹni tó ní green card kò ní ìṣòro níbi ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí físà òṣìṣẹ́ ní ìbọn lọ́wọ́, àyàfi bó bá bọ́ sínú àwọn tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ tó ṣì wúlò. Kó bá lọ́yà sọ̀rọ̀ kó tó ra ohunkóhun.

Ewu tó pọ̀ jù nínú igbó yìí, ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ ni. Orí akọ tòlótòló máa ń pọ́n, á funfun, á sì tún ní àwọ̀ búlúù, nítorí náà má wọ àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí rárá, títí dé ìbọ̀sẹ̀ àti áńkáṣífù. Má yọ́ lọ bá igbe tòlótòló kankan, ó lè jẹ́ ènìyàn ló ń pè. Bí o bá rí ọdẹ mìíràn tó ń bọ̀ níwájú rẹ, má juwọ́ sí i, má ṣe ohùn ẹyẹ: pariwo ní èdè ènìyàn pé o wà níbẹ̀. N kò fẹ́ràn kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ gbé ère tòlótòló kalẹ̀ láti fi tan ẹyẹ lórí ilẹ̀ ìjọba, pàápàá ti akọ. Tí o bá sì ń gbé ẹran rẹ jáde, fi aṣọ aláwọ̀ ọsàn dì í. Yẹ ara rẹ wò fún eégbọn kí o tó wọ mọ́tò, wọ́n pọ̀ ní Oconee ju tòlótòló lọ.

Bí o bá dé láàárọ̀ tí o sì rí mọ́tò ẹlòmíràn lẹ́nu ọ̀nà tí o gbà jáde lálẹ́ àná, má bá a du igi náà. Yí padà lọ sí agbègbè kejì tí o sàmì sí, kí o sì ti jókòó kí òwìwí tó bẹ̀rẹ̀.